A Kò Ní Fi Owó Àjọ Wa Ra Morgan

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kàwé gboyè, a ti ka ìmọ̀ràn tí àwọn kan nínú yín tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ẹ ní kí a kó owó àjọ ọdún yìí kúrò ní báǹkì, kí a fi ra dọ́là fàdákà ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Morgan, kó sì jẹ́ èyí tó wà nínú ike, tí wọ́n ti fún ní máàkì. Ẹ ní náírà ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Òótọ́ ni. Ẹ ní fàdákà kì í jẹrà. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ẹ wá fi kún un pé owó tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láyé kò lè jábọ́ mọ́, pé òkè ni yóò máa lọ títí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti yà.

Ẹ̀gbọ́n ni yín, a kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n owó tí à ń sọ yìí, àwa la dá a. Ẹlòmíì nínú wa ń di irun ní họ́sítẹ̀lì, ẹlòmíì ń ta káàdì ìpè, ẹlòmíì ń bá àwọn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi máa ń mọ́, kó tó rí ìdá tirẹ̀ san. Owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí a bá dákẹ́, tara wa á bá a dákẹ́.

Kí ẹni tí kò mọ Morgan lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. George T. Morgan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Philadelphia, ló ya àwòrán rẹ̀. Orí obìnrin ló wà lójú owó náà, ẹyẹ idì ló wà lẹ́yìn. Ó wọn 26.73 gíráàmù. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 900 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Wọ́n rọ ọ́ láti 1878 títí dé 1904, wọ́n tún rọ ọ́ ní 1921. Lẹ́tà kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́: S ni San Francisco, O ni New Orleans, CC ni Carson City ní Nevada. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà kankan, Philadelphia ni. (Ti Denver tó ní D, 1921 nìkan ni.)

Kí ló dé tí wọ́n fi rọ ọ́? Ṣé aráàlú ló ń béèrè fún un? Rárá o. Láti 1859 ni fàdákà ti ń tú jáde nínú ilẹ̀ ní Comstock ní Nevada. Ní 1873 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó yọ dọ́là fàdákà ìlú wọn kúrò lára owó tí wọ́n ń rọ. Ní àkókò yẹn kan náà, Jámánì ti yí sí wúrà, ó ń kó fàdákà tirẹ̀ wá sọ́jà. Fàdákà wá pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ ẹ lọ, owó rẹ̀ sì ń já. Àwọn tó ni ibi ìwakùsà pariwo, àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn bá wọn pariwo, ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Bland-Allison ní oṣù kejì 1878. Ààrẹ Hayes kò fọwọ́ sí i, wọ́n fi ìbò borí rẹ̀. Òfin náà ní kí ìjọba máa ra fàdákà lóṣooṣù, kó má dín ní mílíọ̀nù 2 dọ́là, kó má sì ju mílíọ̀nù 4 lọ, kí wọ́n fi rọ dọ́là. Òṣèlú ló bí Morgan, kì í ṣe ọjà.

Aráàlú kò sì fẹ́ gbé e káàkiri. Ìwúwo rẹ̀ ń ya àpò aṣọ, owó oníwèé sì wà tó fúyẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dì wọ́n, 1,000 sínú àpò kan, àpò kọ̀ọ̀kan ń lọ sí bíi kílò 27, tí wọ́n ń tò wọ́n jọ sí yàrá ìṣúra ìjọba. Ó lé ní 500 mílíọ̀nù tí wọ́n rọ kí 1904 tó parí. Àìmọye nínú wọn ni kò dé ọjà rí, tí kò mọ ọwọ́ aláta, tí kò mọ ọwọ́ alápatà.

Ìdí nìyẹn tí Morgan tó ń dán bíi tuntun fi pọ̀ lọ́jà títí dòní. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan hàn yín tó ní, “Ẹ wò ó, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí àpá lára rẹ̀,” irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó rò pé ó túmọ̀ sí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àpò ló sùn sí, ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jọ sùn síbẹ̀.

Ẹ tún fi àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́ tó to iye tí wọ́n rọ lọ́dọọdún, ẹ ní kí a mú ọdún tí iye rẹ̀ bá kéré. Ìyẹn náà kò tó. Ní 1918, lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Pittman, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dọ́là fàdákà, wọ́n sì yọ́ 270,232,722 nínú wọn, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá fàdákà kíákíá fún ọ̀rọ̀ owó ní Íńdíà. Wọn kò kọ ọdún àti lẹ́tà àwọn tí wọ́n sọ sínú iná sílẹ̀. Iye tí wọ́n bí kọ́ ni iye tó kù láyé. Ìwé ilé ìrọwó sọ pé wọ́n rọ 12,000 fún ọjà ní Philadelphia ní 1895. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, kò sí ọ̀kan tó dájú nínú wọn tó yọjú. Àwọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn jẹ́ ara 880 tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀, tí wọ́n dán ojú rẹ̀ fún àwọn tó ń kó owó jọ.

Òdìkejì rẹ̀ ló tilẹ̀ kan àjọ wa jù. Wọ́n rọ 4,450,000 ní New Orleans ní 1903, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó owó jọ wá a títí, wọn kò rí i. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló ti bá iná Pittman lọ. Nígbà tó fi máa di 1962, ìwé iye owó tí gbogbo wọn ń lò fi 1,500 dọ́là sí èyí tó bá jẹ́ tuntun. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, ìjọba ṣí yàrá ìṣúra kan tí wọ́n ti tì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àpò New Orleans sì jáde, 1903 wà nínú wọn, àpò lórí àpò. Kò pẹ́ tí 1,500 yẹn fi di nǹkan bí 30 dọ́là. Ẹni tó fi owó ilé rà á lóṣù kẹsàn-án, kí ló fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ lóṣù kejìlá?

Ẹ má sì sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Lẹ́tà CC tí ẹ ń yìn yẹn, tí ẹ ní ìtàn àwọn awakùsà àti ẹlẹ́ṣin wà lára rẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kó o jáde tó ń tà á fún aráàlú láàárín 1972 sí 1980. Nínú 1,136,000 tí wọ́n rọ ní Carson City ní 1884, ó lé ní 960,000 tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, tí kò jáde rí. Ọkùnrin kan sì wà ní Reno, LaVere Redfield, tó kú ní 1974. Dọ́là fàdákà tó lé ní 400,000 ló fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri nínú ilé rẹ̀. Ta ló mọ iye ògiri mìíràn tó ṣì wà bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa ná owó ẹyọ. Àsìkò kan wà ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí àwọn oníṣòwò etíkun ń ka egbàá owó ẹyọ sí dọ́là fàdákà kan (dọ́là Sípéènì àti ti Mẹ́síkò ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń sọ). Ó wá di àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì rí i pé owó ẹyọ ńláńlá pọ̀ bí iyanrìn ní Zanzibar. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Èkó àti Ouidah. Ojú wa ni egbàá fi di ohun tí kò lè ra ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀, títí tó fi di pé alárù ló ń ru owó lọ sọ́jà. Ẹni tó di ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ṣe àìdáa kankan. Ẹlòmíì níbi tó jìnnà ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ó kún.

Ẹ dá wa lóhùn pé máàkì ló fi ọkàn yín balẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ àná ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí máàkì ṣe ń rìn!

William Sheldon ló gbé òǹkà 1 sí 70 jáde ní 1949, nínú ìwé tó kọ lórí sẹ́ńtì bàbà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò sí fàdákà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ọ̀nà ìṣirò owó ló ń wá: bí sẹ́ńtì kan tó ti gbó dé òpin bá jẹ́ dọ́là 1, irú rẹ̀ kan náà tó pé pérépéré yóò jẹ́ dọ́là 70. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ọjà yí, ìṣirò náà kò bá ọjà mu mọ́. Ṣùgbọ́n òǹkà kò bá a kú. Wọ́n gbé e kúrò lórí bàbà, wọ́n gbé e lé fàdákà àti wúrà lórí. (Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló ní bí ara èèyàn bá ṣe rí ni ìwà rẹ̀ máa rí, tó ń to èèyàn sí ọ̀wọ́ bí ẹni ń to iṣu. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló tún hàn pé ó ti mú sẹ́ńtì tó dára nínú àkójọ American Numismatic Society, tó fi èyí tí kò tó o rọ́pò. A kò ní kí ẹ fi ìyẹn da òǹkà rẹ̀ nù. A kàn ní kí ẹ mọ ẹni tó ni òṣùwọ̀n.)

Ilé iṣẹ́ PCGS bẹ̀rẹ̀ ní 1986, NGC tẹ̀ lé e ní 1987. Ẹ fi owó yín ránṣẹ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á sé e mọ́ inú ike. A gbà pé iṣẹ́ náà wúlò, torí ó dín ayédèrú kù, ó sì jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè rà láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ni wọ́n fi ń wò ó. Àwọn oníṣòwò mọ èyí dáadáa, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fọ́ ike, tí wọ́n ń tún owó kan náà fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bóyá 64 àná á di 65 lónìí. Nígbà mìíràn ó máa ń dà bẹ́ẹ̀. Fàdákà inú rẹ̀ kò lé, ọdún ara rẹ̀ kò yí. Bóyá ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì ló sùn dáadáa. Gbogbo wa la mọ ẹni tó gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ padà lọ tí 48 fi di 53. Àmọ́ kò sí ẹni tó ní kí àwọn èèyàn fi owó ilé-ìwé ra 53 yẹn.

Ní 1989 àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó Wall Street gba ọ̀rọ̀ máàkì yìí gbọ́ bí ẹ ṣe gbà á gbọ́. Wọ́n ní ohun tó bá ti wà nínú ike, tó ní nọ́ńbà, ó ti dà bí ìwé ìpín ilé iṣẹ́, èèyàn lè rà á lórí fóònù. Owó Morgan inú ike fò sókè. Ní 1990 ó já lulẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á lókè kò sì rí ojú owó wọn gbà padà. Fàdákà gan-an tún wà níbẹ̀: ní oṣù kìíní 1980 áúnsì kan súnmọ́ 50 dọ́là, kí oṣù kẹta tó parí ó ti já kọjá ìdajì. Ó di 2011 kó tó tún gun òkè yẹn, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó wà lókè ti ṣe ìyàwó.

Ohun tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ máàkì yìí ju owó lọ. Ẹ wo ohun tí òǹkà náà ń yìn. Owó tí wọ́n kò ná rí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ra ìyẹ̀fun, tí a kò fi san owó oṣù, tí kò jáde nínú àpò, òun ni wọ́n ń fún ní 65 àti 66. Èyí tó ṣe iṣẹ́ owó, tó kọjá lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn títí irun obìnrin ojú rẹ̀ fi parẹ́, òun ló ń gba 8 àti 10. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ẹni tí kò wọ kíláàsì rí ní A nítorí pé bàtà rẹ̀ kò jẹ.

Ẹ gbọ́ ti dọ́là mìíràn, èyí tí àwọn tó ń polówó Morgan kì í mẹ́nu bà púpọ̀. Trade dollar ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rọ ọ́ fún ọjà láti 1873 sí 1878, kí àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà lè máa fi ná ọjà ní Ṣáínà, níbi tí dọ́là Mẹ́síkò ti gba ọ̀nà. Ó wúwo ju Morgan lọ, 27.22 gíráàmù. Ní Ṣáínà, bí owó náà bá dé ọwọ́ oníṣòwò, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fàdákà ni lóòótọ́, á sì fi irin lu àmì tirẹ̀ sí i lójú. Ẹlòmíì á gbà á, á lu tirẹ̀. Ẹ lè rí ẹyọ kan tó ní àmì márùn-ún, mẹ́fà, bí ojú ẹni tó kọ ilà. Ẹ̀rí ni àmì kọ̀ọ̀kan pé ẹnì kan dúró, ó wò ó, ó sì gbà á.

Àwọn kan nínú owó yìí kò rékọjá òkun, wọ́n ń ná an ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí fàdákà já, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó dọ́là kan mọ́, ìjọba ṣòfin ní 1876 pé kò ní agbára owó mọ́ nínú ìlú. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ rí ọ̀nà jẹun. Wọ́n ń rà á ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń kà á sí dọ́là kan gbáko bí wọ́n bá ń san owó oṣù fún lébìrà. Lébìrà á dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù á ní òun kò lè gbà á ní dọ́là kan. Ó di 1887 kí ìjọba tó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì ti lu àmì sí lójú, wọn kò gbà á. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ lébìrà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ pé òfin ń bọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń kó owó jọ fi ka àmì Ṣáínà yẹn sí àbùkù, tí wọ́n ń pè é ní owó tó bàjẹ́. Títí dòní, ẹyọ tó ní àmì sábà máa ń dínwó ju èyí tí ojú rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́, owó tó jẹ́ pé bó bá sọnù kò ní sunkún, tó sì fẹ́ kó owó fàdákà Amẹ́ríkà jọ nítorí ìtàn, irú èyí ni kó wá, tàbí mẹ́wàá sẹ́ńtì kékeré tó ti gbó, èyí tí obìnrin jókòó lójú rẹ̀. Tìdùnnútìdùnnú la máa bá a wò ó. Àwa kò bá owó àtijọ́ jà. Kí a máa pè é ní àjọ ni a kò fẹ́.

Kó sì má bàa di pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, Trade dollar yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ púpọ̀. Kó ní òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́. Bí ohun tó ní òun jẹ́ Trade dollar bá wọn gíráàmù 24, kó dìde. Bí mágnẹ́ẹ̀tì bá fà á, kó dìde. Bí wọ́n bá ní Morgan 1893 tó ní S ni, èyí tí wọ́n rọ 100,000 péré, kó mọ̀ pé àwọn kan máa ń lẹ lẹ́tà S mọ́ ẹ̀yìn 1893 ti Philadelphia. Ojúlówó rẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín kan nínú T tó wà nínú LIBERTY lórí adé obìnrin náà. Ike pàápàá, wọ́n ti ń ṣe ayédèrú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà ojúlówó sí i lára, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá wo nọ́ńbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa bá a mu. Bó bá sì ti rà á, kó má fọ̀ ọ́ o. Kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ ìfọyín, eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án. Dúdú tó wà lára fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí lójú àwọn tó ń rà á, wọ́n á mọ̀ pé ó ti fọ̀ ọ́, owó rẹ̀ á sì já lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ kíláàsì wa kan mú “dọ́là 1804” wá lọ́dún tó kọjá, ó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan lórí WhatsApp. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní 2021 ní 7.68 mílíọ̀nù dọ́là, òótọ́ sì ni wọ́n tà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí Morgan yà ló wà lójú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ Morgan gan-an, 1845 ni wọ́n bí i! Ojúlówó 1804 pàápàá kò jẹ́ ti 1804: 1834 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nígbà tí Amẹ́ríkà ń wá ẹ̀bùn tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọba Siam àti sultan Muscat. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, òun náà rẹ́rìn-ín. Owó aṣọ ọdún rẹ̀ ló fi rà á.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiwa. Áúnsì 0.7734 fàdákà ló wà nínú Morgan kan. Bí a bá fi 30 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ owó áúnsì kan, fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 23 dọ́là àti ogún sẹ́ńtì. Bí a bá rà á nínú ike ní 150 dọ́là, a ti san nǹkan bí 127 dọ́là lórí ojú ẹlòmíì. Kò tíì kan owó ìfiránṣẹ́, kò tíì kan ohun tí àwọn aṣọ́bodè máa béèrè. Iye tó wà nínú ìwé iye owó tí ẹ fi ránṣẹ́ náà, iye tí alágbàtà ń tà ni. Ẹ lọ bi alágbàtà yẹn kan náà léèrè iye tó máa rà á padà lọ́wọ́ yín lọ́la. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni oúnjẹ rẹ̀, a kò sì bá a jà, òun náà ní ọmọ. Ṣùgbọ́n àwa la máa kọ́kọ́ san án.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ owó ilé-ìwé mọ́ pátákó ńkọ́, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì, ta la fẹ́ tà á fún? Àwa kò mọ alágbàtà owó àtijọ́ kan nítòsí ibí tó máa san owó 65 nítorí pé ara ike ni wọ́n kọ 65 sí. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ló kù. Òun á fọ́ ike náà, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé owó sórí ìwọ̀n, á sì san owó gíráàmù 26.73, bóyá kó tilẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò fún bàbà inú rẹ̀. Lójú alágbẹ̀dẹ, 63 àti 66 kò yàtọ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí a máa dá a padà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, kí ẹ máa bá wa wá ẹni tó máa rà á, nígbà tí ilé-ìwé ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò san?

Ìpàdé ẹgbẹ́ bọ́ sí Sátidé tó ń bọ̀. Àwa tí a kọ èyí máa dìbò pé rárá, a sì ń rọ gbogbo ẹni tó ní ìdá nínú àjọ náà pé kó wá, kó má fi ìbò rẹ̀ rán ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n tó bá ṣì rò pé òun tọ̀nà, ohun kan la bẹ̀ ẹ́ kó ṣe kó tó di ọjọ́ náà. Kó mú Morgan márùn-ún nínú èyí tó ti rà fúnra rẹ̀, kó gbé wọn lọ bá alágbàtà mẹ́ta ní ìlú tó ń gbé, kó má sọ pé òun fẹ́ rà, kó sọ pé òun fẹ́ tà, kó kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá lé e sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí iye tó rà wọ́n. A máa kà á sókè ní ìpàdé bó bá ṣe wà gẹ́lẹ́.